Láti ìgbà tí mo ti ra mónítọ̀ tòkúnbọ̀ yìí ni ọrùn ti ń dùn mí, ẹ gbà mí o

Ìyá Tẹ̀wé Sángo (Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ká tẹ̀wé ká sì fi pírìntà yọ ọ́ ni mò ń ṣe ní Sángo n'Íbàdàn, lẹ́bàá Poly. Prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Láptọ́ọ̀pù kékeré kan ni mo ti ń lò láti bí ọdún mẹ́fà, ojú rẹ̀ ò ju ínǹṣì 14 lọ. Lóṣù tó kọjá mo ní kí n ṣe ara mi lóore, mo lọ ra mónítọ̀ tòkúnbọ̀ oní-ínǹṣì 24, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn, mo ra kíbọ́ọ̀dù tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mi ò gbádùn. Ẹ̀yìn ọrùn ń dùn mí títí dé èjìká. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú á máa ta mí, á máa ṣomi. Lẹ́tà inú rẹ̀ ò dá ṣáká bíi ti láptọ́ọ̀pù, àfi bí ẹni pé èéfín bò ó. Nígbà míì ojú rẹ̀ á ṣàdédé dúdú fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á tún padà wá. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù: tí mo bá bọ́ bàtà tí mo fọwọ́ kan irin ìdí rẹ̀, á máa ṣe mí wìnnìwìnnì lọ́wọ́ bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀.

Àbúrò mi tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ní kí n gbé e ga. Mo ti fi rímù bébà A4 méjì tì í nídìí, kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Ṣé kí n tà á ni?

Ọmọ Otigba

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ má tíì tà á. Òwò tòkúnbọ̀ yìí ni mò ń ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, èyí tó pọ̀ jù nínú mónítọ̀ tí wọ́n ń dá padà fún wa, kò sóhun tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó ń ṣe bàìbàì. Wáyà wo lẹ fi so ó? Tó bá jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ búlúù, tó ní ìdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, VGA nìyẹn. Láti 1987 ló ti wà, àwòrán rẹ̀ kì í mú dáadáa lórí ojú ńlá. Tí ihò HDMI, irú wáyà tó dé lẹ́yìn VGA, bá wà lẹ́yìn mónítọ̀, òun ni kí ẹ lò. Tó bá sì jẹ́ VGA nìkan lẹ ní, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Auto" sí lára bọ́tìnnì mónítọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún àwòrán tò fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ ojú kọ̀ǹpútà níbi tó ṣófo, ẹ wọ "Display settings", kí ẹ wo iye tó wà níwájú "Display resolution". Ẹ kọ ọ́ wá fún mi.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

HDMI ni mo lò, àbúrò mi. 1280 × 720 ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi.

Ọmọ Otigba

Èéfín yín rèé, Mà! Mónítọ̀ ínǹṣì 24 báyìí, 1920 × 1080 ló sábà máa ń jẹ́, iye àmì tín-tìn-tín tó wà lójú rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá bù ú sí 1280, ṣe ló ń na àwòrán kékeré kó lè kún ojú ńlá, bí ìgbà téèyàn bá na fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sára pátákó ìpolówó. Ẹ dá a padà sí èyí tí Windows kọ "Recommended" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè ibẹ̀, ẹ ó rí "Scale". Ẹ fi í sí 125%. Ibẹ̀ la ti ń mú kí lẹ́tà tóbi láìbà á jẹ́.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Háà! Ó ti mọ́lẹ̀ kedere! Ọlọ́run á bù kún ọ. Ó ku ọrùn àti èèrà.

Ọmọ Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọ́fíìsì aṣírò-owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òfin kan wà ní Britain láti 1992, ó ní kí ọ̀gá iṣẹ́ wo bí òṣìṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ṣe jókòó, kó sì sanwó àyẹ̀wò ojú fún un tó bá ti béèrè. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, obìnrin kan gbé téèpù wá, ó ń wọn èmi àti àga mi bíi télọ̀ tó fẹ́ dá ṣòkòtò fún mi.

Ohun tó sọ fún mi ni pé kí n jókòó kí ẹ̀yìn mi kan àga pátápátá, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹlẹ̀, kí n wá na apá mi síwájú. Ibi tí ìka mi bá dé, ibẹ̀ ni kí ojú mónítọ̀ wà. Bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí 100 ni, bí ó bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń jìnnà tó. Temi náà jẹ́ ínǹṣì 24, mo fi í sí bíi 70. Kí etí òkè rẹ̀ bá ojú yín dọ́gba, tàbí kó relẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, àbúrò yín ò ṣì yín lọ́nà o. Bóyá rímù méjì yẹn ni ò tíì tó.

Ẹ tún wo fèrèsé. Tó bá wà lẹ́yìn yín, oòrùn á máa tàn sójú mónítọ̀. Tó bá wà níwájú yín, ojú yín á máa bá ìmọ́lẹ̀ méjì jà. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Kó tó di pé wọ́n fi rímù kẹta kún un, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Mà, ṣé ẹ ń lo awò? Irú wo ni?

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Mò ń lò ó, Nọ́ọ̀sì. Olójú méjì ni, èyí tó ní ìlà láàárín. Òkè rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ fún ìwé kíkà. Ọdún kẹta rèé.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Mo fura bẹ́ẹ̀. Lọ́la tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí ẹnì kan ya yín ní fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, ìgbà tí ẹ bá ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni kó yà á. Ẹ wo ibi tí àgbọ̀n yín wà.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2 ọ̀sán)

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló yà á. Ojú tì mí. Orí mi lọ sẹ́yìn, àgbọ̀n nà sókè bí adìẹ tó ń gbé omi mì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò mọ̀!

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń lo awò olójú méjì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ awò lẹ fi ń ríran nítòsí. Mónítọ̀ wá wà lókè. Kí ìsàlẹ̀ awò tó lè bá ohun tó wà lókè pàdé, àfi kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ̀yìn ọrùn ló ń san gbèsè rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gbé mónítọ̀ ga sí i ni yóò máa dùn yín sí i. Ìmọ̀ràn Ọmọ Manchester dára fún ẹni tí kò lo awò àti ẹni tí awò rẹ̀ jẹ́ olójú kan, kò bá awò tiyín mu.

Ẹ yọ rímù méjèèjì. Ẹ sọ mónítọ̀ kalẹ̀ débi tó bá lè relẹ̀ dé, kí ẹ wá yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó máa wò yín láti ìsàlẹ̀, bí ìwé tí ẹ fọwọ́ mú. Nígbà tí owó bá wọlé, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe awò, kí ẹ ní awò olójú kan fún kọ̀ǹpútà nìkan lẹ fẹ́. Ẹ wọn ibi tí ojú yín wà sí ibi tí mónítọ̀ wà, ẹ mú iye sẹ̀ǹtímítà yẹn dání lọ. Ìsàlẹ̀ awò yín, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Mónítọ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń mú ojú yín ṣomi.

Ẹ dákun, fáànù yín ńkọ́? Níbo ló ń fẹ́ sí?

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Iwájú mi gan-an ni, ẹ̀gbẹ́ mónítọ̀. Ooru Ìbàdàn!

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Ẹ yí i kó máa fẹ́ sí ẹ̀yìn yín tàbí sí ẹsẹ̀. Tá a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ. Tí fáànù bá wá ń fẹ́ sí i, á gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ta, omi á wá máa jáde láti fi rin ín. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbójú kúrò, kí ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 6 fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wo Micra tó ń kó èrò lódìkejì títì, kí ẹ sì máa ṣẹ́jú.

Kọ́lọ́mọ Gájẹ́ẹ̀tì

Awò tó ń dínà ìmọ́lẹ̀ búlúù lẹ nílò, Mà. Mo ní in nílẹ̀. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Àbúrò, ẹ rọra tajà. Ní 2023, àwọn Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 17 jọ lórí awò yẹn. Wọn ò rí i pé ó ń dín ojú ríro kù fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ju awò lásán lọ. Kí Ìyá fi owó yẹn ṣe awò tó bá ojú wọn mu. Tí ìmọ́lẹ̀ mónítọ̀ bá pọ̀ jù, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ tí a fi ń dín in kù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mónítọ̀ bá ń tàn bí gílóòbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà yẹn, ẹ bù ú wálẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àdúgbò

Ojú tó ń dúdú yẹn, kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pa mọ́, ló ti wú. Ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i.

Bàbá Wáyà

Ta ló ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀? Ẹ má tú nǹkan kan o, Ìyá. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iná, mo ṣì máa ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ṣí mónítọ̀. Ibi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ lè pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á yọ. Àwọn onídìí gbàǹgbà àtijọ́ tilẹ̀ burú jùyẹn lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lọ́nà ogún ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ẹni tó bá ní irú wọn nílé, kó má fi ṣeré.

Ìyá, kí ló tún wà lórí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n tí ẹ fi mónítọ̀ sí? Ojú rẹ̀ tó ń dúdú yẹn, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ tó bá ṣẹlẹ̀?

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Sà. Láptọ́ọ̀pù, fáànù, pírìntà láàsì ńlá wa àti mónítọ̀, gbogbo wọn ló wà lórí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ n ṣọ́ ọ lónìí.

*(wákàtí méjì lẹ́yìn náà)*

Bàbá! Tí mo bá ti tẹ "Print" ni! Bí pírìntà bá ṣe ń hó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà síta, gílóòbù á rẹ̀wẹ̀sì, mónítọ̀ á sì dúdú. Pàápàá tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré wa la tàn.

Bàbá Wáyà

Ẹ ti rí olè yẹn mú. Pírìntà láàsì ní ohun kan nínú tó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù láti fi yọ́ yíǹkì ìyẹ̀fun mọ́ bébà. Ìgbà tó bá ń gbóná, ó lè fa wáàtì 1000 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé mónítọ̀ ínǹṣì 24 ti ayé ìsinsìnyí ò ju bíi 20 sí 30 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á fẹ́ kú, iná á já wálẹ̀, mónítọ̀ á dákú. Sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí pírìntà ní tirẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni pín ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n. Tí ẹ bá sì ní UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú tí iná bá lọ, mónítọ̀ àti kọ̀ǹpútà ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má fi pírìntà láàsì sí UPS láéláé, á bà á jẹ́.

Ó wá ku èèrà. Ẹ wo plọ́ọ̀gì mónítọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, Sà. Èyí tó gùn jù ò wọ inú ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n wa, àbúrò mi bá gé e.

Bàbá Wáyà

Orí ló yọ yín. Ẹsẹ̀ tó gùn jù yẹn ni ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà ń gbà wọlẹ̀ ni, òun lẹ gé. Mónítọ̀ onírin báyìí máa ń jẹ́ kí iná tín-ń-tín jò sí ara rẹ̀. Tí ẹ́ẹ̀tì bá wà, á gba inú wáyà lọ sílẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Tí kò bá sí, á dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án láìwọ bàtà. Wìnnìwìnnì yẹn kì í sábà pa èèyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan bá já nínú rẹ̀ pátápátá, kò ní jẹ́ wìnnìwìnnì mọ́.

Ẹ ra okùn iná tuntun. Okùn yẹn máa ń yọ lẹ́yìn mónítọ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà ńlá náà ni, kò wọ́n. Ẹ ra ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n olójú mẹ́ta tó wúwo lọ́wọ́. Àwọn kan wà lọ́jà tó ní ihò mẹ́ta ṣùgbọ́n wáyà méjì péré ló wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín ṣí i wò kí ẹ tó sanwó. Kí òun náà wá yẹ ilé ìtajà yín wò bóyá irin ẹ́ẹ̀tì wà nínú ilẹ̀ níta, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò ní. Fíúsì inú plọ́ọ̀gì mónítọ̀, áńpíà 3 tàbí 5 ti tó. Tí ẹ bá rí i pé bébà sìgá tàbí wáyà lẹnìkan fi dípò fíúsì, ẹ jù ú nù.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Sà, ṣé kí n ra sítébíláísà fún un?

Bàbá Wáyà

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí 100-240V, ó lè fara da iná tó bá relẹ̀, kò nílò sítébíláísà. Iná tí NẸ́PÀ bá mú dé tagbáratagbára ló ń pa wọ́n. Tí iná bá lọ, ẹ yọ plọ́ọ̀gì. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó fi í padà.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tá a wà ní Pọ́tò Nóvò, mónítọ̀ tá a bá rà láti Nàìjíríà máa ń ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta, tiwa níbí rí roboto bíi ti Faransé. Àwọn kan ń gé e, wọ́n á lọ́ wáyà pọ̀. Okùn yẹn kan náà ni kí ẹ pààrọ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ẹnu tó wọ mónítọ̀ ò yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà nílé, ẹ má jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ níwájú tábìlì. Táyé fa tiwa, Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mónítọ̀ já sí. Bàbá wọn ti wá kàn án mọ́ ògiri. Ihò ìdè mẹ́rin wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mónítọ̀, mìlímítà 100 ni àárín wọn. Kí ìdè má gùn jù o, tó bá gùn jù, á gún inú rẹ̀.

Ẹ má tún fi omi tí wọ́n ń fi nu gíláàsì fèrèsé nù ún. Èmi ṣe é lásìkò ọyẹ́ nígbà tí erùpẹ̀ bò ó. Àwọ̀ tó wà lójú rẹ̀ bó, àmì funfun ràbàtà kan wà láàárín rẹ̀ dòní. Ẹ pa á, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ gbígbẹ nù ún. Tó bá dọ̀tí gan-an, ẹ fi omi lásán tó mọ́ rin aṣọ díẹ̀. Ẹ má da omi sójú mónítọ̀ gan-an, á ṣàn wọ inú rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ Otigba

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà lẹ́yìn wọn: ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ ṣí àwòrán funfun kó kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú, lẹ́yìn náà pupa. Àmì dúdú tó bá wà á hàn lórí funfun. Èyí tó bá ń tàn láìyẹ á hàn lórí dúdú. Tí ẹ bá ń gbé e lọ nínú ọkọ̀, ìdúró ni kó wà. Ẹ má da ojú rẹ̀ dé, ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mónítọ̀ ti wálẹ̀, mo yí i sẹ́yìn díẹ̀, fáànù ń fẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ti yí tábìlì, fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì báyìí. Oníṣẹ́ iná wá lọ́jọ́bọ̀, kò bá ẹ́ẹ̀tì kankan nílẹ̀! Ó gbá irin kan wọlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, okùn náà ti di tuntun, èèrà ò rìn mọ́. Pírìntà ti ní sókẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò sí ìgbà tí ojú mónítọ̀ tún dúdú.

Ọrùn ti fúyẹ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ṣì ń le díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ló lè fà á?

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Ìwé tí ẹ ń wò tẹ̀, ibo ló wà?

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Orí tábìlì lọ́wọ́ òsì… Háà. Ó ti yé mi.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Abẹ́òkúta

Ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mónítọ̀ gan-an, kí ẹ fi nǹkan tì í lẹ́yìn, kí orí yín má baà máa yí lọ yí bọ̀.

Ìyá Tẹ̀wé Sángo

Ǹ bá fi rímù tì í, àmọ́ méjèèjì ti wọ inú pírìntà lánàá. Prójẹ́ẹ̀tì ọmọ Poly méjì, ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún, bébà tó kù ò tó fi bo ọwọ́. Páànù mílíìkì ni mo ti fi ṣe é báyìí.